Ewé Tí Bàbá Sámú Lóun Ò Mọ̀

Ẹyin ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Adìyẹ dúdú kan wà nínú agbo ilé wa ní Ìlá tí kì í yé sínú apẹ̀rẹ̀ tí Ìyá Àgbà tẹ́ koríko sí fún un. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń sá lọ, tó bá sì yé tán, a ó máa gbọ́ igbe rẹ̀ bí ẹni pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti tọ ohùn yẹn lọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ àtijọ́ kọjá, mo fọwọ́ ya àwọn ewé kókò tí wọ́n ti hù bo ọ̀nà, mo dé ìdí àlàpà, ìyẹn yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, tí ògiri amọ̀ rẹ̀ sì ti wó ku ìdajì. Mi ò rí ẹyin. Ohun tí mo rí ni òdòdó kan tó ga tó ìbàdí mi, tí ewé rẹ̀ kò jọ ewé kankan tí mo tíì rí. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, pupa àti dúdú ló dàpọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé àárín, ewé náà á tán. Eegun àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa dá lọ ní ìhòòhò bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tó ìwọ̀n ìka mi kan, lẹ́yìn náà ewé kékeré mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu okùn yẹn, á máa mì bí ẹni pé wọ́n so ó kọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Mo wo ewé kejì, mo wo ìkẹta. Bákan náà ni wọ́n rí. Mo já ọ̀kan, oje rẹ̀ kán sí aṣọ ilé ìwé mi, ó sì di àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tí ọṣẹ kò bọ́ títí aṣọ náà fi kéré jù mí lọ.

Ọdún kan ṣoṣo ni mo gbé ní Ìlá, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ń gbé tẹ́lẹ̀. Bàámi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, Màmí sì ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa. Àìsàn mú Màmí ní ìgbà òjò, kí ọyẹ́ tó dé ó ti kú. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n dorí kọ Ìlá, ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan tó ń fi bisikíìtì tù mí nínú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Bàámi tó mú mi lọ bá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màmí, pẹ̀lú àpótí páànù kan àti ìrọ̀rí mi. Ó sùn mọ́jú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán ni pé mo yí ilé po, mo ń wá ibi tí wọ́n sin Màmí sí. Sàréè bàbá rẹ̀ wà níwájú ilé, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, orí rẹ̀ la ti ń sá ẹ̀lùbọ́. Mo rò pé ti Màmí náà á wà nítòsí ibẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo bi Ìyá Àgbà. Ó ń jọ ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́, ìyẹ̀fun ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

“Èmi náà ò mọ̀, Àkànkẹ́,” ló sọ.

Mo rò pé irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́. Láàárín àwọn ènìyàn wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá kú ṣáájú rẹ̀ kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Wọn kì í jẹ́ kó tẹ̀lé òkú, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún un lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmí dé, wọ́n ti mú Ìyá Àgbà lọ sí Iresi lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọjọ́ kẹta ló tó padà. Nígbà tó dé, wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀, wọ́n ti fi páànù ṣe balùwẹ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n sì sọ fún un pé ejò ti wọ ti àtijọ́, kó má gba ẹ̀yìn ilé mọ́. Ó ní ó dára. Nítorí pé orí ẹní rẹ̀ ni mo ń sùn, àwọn àgbà ilé fẹnu kò pé kí wọ́n má sọ fún èmi náà, kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́ lẹ́nu mi. Àwa méjì péré nínú gbogbo agbo ilé ni kò mọ̀, inú yàrá kan náà la sì ń sùn. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn yìí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn máa ń dákẹ́ bí mo bá wọlé dé.

Tí mo bá di ojú mi lónìí, ìró ilé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ohunkóhun níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló ń ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ aago ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn aago ni rédíò ọkùnrin kan ní ilé kejì tó máa ń pariwo kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni odó. Iyán ni oúnjẹ ilé yẹn, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, èmi tí mo sì dàgbà sórí búrẹ́dì àti ìrẹsì máa ń jókòó ti òkèlè mi títí yóò fi tutù. Ọdún yẹn, ṣúgà di ohun tí a ń tò fún. Ìyá Àgbà kì í fi sí ẹ̀kọ tirẹ̀, ó ń pa á mọ́ fún èmi nínú agolo, síbẹ̀ kì í sọ fún mi pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lè jókòó láti ìgbà tí oòrùn bá rọ títí a ó fi tan fìtílà, kó má sọ ju “fà á sún mọ́ mi” lọ. Èdè Ìgbómìnà tó ń sọ kò tètè yé mi, tèmi sì ń pa àwọn ọmọ ilé lẹ́rìn-ín. “Ará Ìbàdàn, sọ̀rọ̀ ká gbọ́!” ni wọ́n máa ń ké mọ́ mi nídìí ẹ̀rọ omi. Nígbà tó yá, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi àti Ìyá Àgbà wá ń dákẹ́ pọ̀. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Màmí kú sí lọ báyìí, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ẹni méjì lè wúwo ju ti ẹnì kan lọ, nítorí oníkálukú á máa ṣọ́ra kó má bàa fọwọ́ kan ọgbẹ́ ẹnì kejì.

Ọ̀sẹ̀ tí mo rí òdòdó yẹn ni tíṣà wa ní kí oníkálukú ṣe ìwé ewé. Ewé mẹ́wàá ni a ó lẹ̀ mọ́ ojú ìwé, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́. Mo fi ẹ̀kọ tútù lẹ tèmi. Mo ti ní ewé kókò, ewé ọsàn, ewé ìbẹ́pẹ, efinrin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹwàá ni ewé tí mo já nídìí àlàpà. Tíṣà wò ó, ó yí i sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, ó ní kírótọ́ọ̀nù ni, ṣùgbọ́n irú kírótọ́ọ̀nù wo? “Ewé tí kò bá lórúkọ kò ní máàkì,” ló sọ, ó sì fún mi di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo mú un lọ bá Ìyá Tọ́pẹ́ nílé ìdáná. Ìyàwó ilé wa ni, ó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwa náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó kàn bojú wo ewé náà, ó tún wo ọkà rẹ̀.

“Ibo lo ti já a?”

“Lẹ́yìn ilé, mà.”

“Ta ló ní kó o lọ sẹ́yìn ilé? Ṣé ejò kò tíì tó ọ bí ìyà? Jù ú nù, lọ já ewé ata.”

“Mo ti ní ewé ata, mà.”

“Nígbà náà lọ já ewé ata mìíràn!”

Ẹni tó kù tí mo lè bi ni Bàbá Sámú, àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà tó ti kú. Òun ló ń tọ́jú àyíká ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun náà ló sì ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sin òkú. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń wọ kóòtù kan náà bí oòrùn bá ń ràn bí òjò bá ń rọ̀. Kírótọ́ọ̀nù ló gbìn yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, oríṣiríṣi, ó sì ti sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan wá bi òun. Ó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó mú mi rìn. Ó fi elétí-ewúrẹ́ hàn mí, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì rọ̀ sílẹ̀. Ó fi awọ́n-ọn-lógì hàn mí, tí àmì funfun àti ìyeyè ta sí i lára bí ẹni pé wọ́n wọ́n ògì sí i. Ó fi èyí tó lọ́ bí aṣọ tí a ń fún hàn mí, ó sì fi ẹlẹ́sẹ̀-pẹ́pẹ́yẹ hàn mí, tí ewé rẹ̀ la sí mẹ́ta.

“Má wo àwọ̀ rẹ̀,” ló ń sọ fún mi. “Àwọ̀ ń tan ènìyàn ni. Èyí tó bá wà lábẹ́ ìbòòji á máa ṣe ewé tútù. Gbé e sínú oòrùn kó o wò ó, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Etí ewé ni kó o wò. Bó ṣe gùn, bó ṣe so mọ́ igi rẹ̀, kó o wo ìyẹn náà. Ìyẹn kì í yí padà.”

“Bàbá, ṣé ó máa ń dá hù?”

“Kírótọ́ọ̀nù? Láéláé! Kì í so èso tó máa bọ́ sílẹ̀ hù níbí. Ibikíbi tó o bá ti rí i, ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín.”

A dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí kírótọ́ọ̀nù mẹ́rin wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò tò bíi ti àwọn tó kù, tí ewé ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Mo bi í pé kí ló dé tó gbin àwọn wọ̀nyí báyìí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, àwọn tí òbí wọn ṣì ń bẹ láyé. A kì í fi sìmẹ́ǹtì sí irú wọn, a kì í kọ orúkọ síbẹ̀, nítorí náà ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun fi ń mọ̀ wọ́n, kí òun má lọ gbẹ́ ibi tí ẹnì kan wà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ń jẹ ní àárọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ìwé mi, tí mo fi ewé mi hàn án.

Ó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ eegun tó wà ní ìhòòhò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra ṣe é bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé náà dé.

“Mi ò mọ èyí,” ló sọ. “Ilẹ̀ ń ṣú lọ, máa lọ sílé.”

Ilẹ̀ kò tíì ṣú rárá. Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, níbi tí wọ́n ń da àwọn àga tó kán sí, mo sì rí i níbẹ̀: òdòdó kan náà gẹ́lẹ́, ewé tó já tó tún bẹ̀rẹ̀, abẹ́ òjìji ló wà tí ewé rẹ̀ fi tutù tí kò pọ́n. Mo wo etí ewé bí ó ṣe kọ́ mi, mo wo bó ṣe so. Òun ni. Wọ́n ti fi àdá gé igi rẹ̀ kan tó nípọn lulẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé ti gbẹ, ẹ̀ka tuntun sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo ti mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń dákẹ́ sí mi. Mi ò tíì mọ̀ pé àgbàlagbà tó ní kóòtù, tó máa ń gbé àwo ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì, lè wo ojú mi kí ó purọ́ nítorí ewé.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Mi ò ní lọ́kàn láti bi í, torí kò kàwé, mo sì rò pé ewé tí tíṣà kò bá mọ̀, kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rí i pé inú mi kò dùn, ó sì na ọwọ́ sí ìwé náà. Ó gbé ojú ìwé sún mọ́ ojú rẹ̀.

“Èyí mà dára o,” ló sọ. “Ó já, síbẹ̀ kò já. Níbo lo ti rí i?”

“Lẹ́yìn ilé, mà. Nídìí àlàpà.”

Ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà nínú ẹ̀gúsí, kò sì gbé e kúrò. Rédíò ilé kejì ń sọ̀rọ̀ nípa kòkó.

“Ó ga tó ibo?”

“Ó tó ìbàdí mi, mà.”

“Ìdí rẹ̀ ń kọ́? Ṣé igbó ti bò ó?”

“Rárá, mà. Wọ́n ro ó mọ́ tónítóní.”

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. “Lọ gé ẹ̀ka kan wá fún mi. Má gé e níbi tí yóò ti dùn ún.”

Mo gé e wá. Inú mi dùn pé ohun kan wà nínú ilé yẹn tí òun àti èmi jọ nífẹ̀ẹ́ sí. Ó gbin ẹ̀ka náà sínú ìkòkò kan tí etí rẹ̀ ti là, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá wa níwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, kó tó bọ́jú pàápàá, á bu omi sínú igbá kékeré, á lọ rọra dà á sí i. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ tì í fún ìgbà díẹ̀. Ewé àtijọ́ gbọ̀n dànù, mo rò pé yóò kú, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ka náà ta, ewé tuntun méjì sì yọ, wọ́n kéré, wọ́n tutù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti wà lára wọn láti kékeré.

Ìyá Tọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó rúwé. Ó ń gbé ẹ̀kọ kọjá lórí àtẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín láti òkèèrè. “Ìyá Àgbà! Ẹ̀yin náà ti di aya òyìnbó! Òdòdó lábẹ́ fèrèsé! Ó ku kẹ́ ẹ ra ajá tó ń sùn lórí àga!” Ó sún mọ́ ọn kó lè túbọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ewé náà. Ẹ̀rín yẹn kò tán díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rín ṣe máa ń tán. Ṣe ló dá lójijì. Ó wò mí, ó wo Ìyá Àgbà, ó ní ẹ̀kọ òun ń tutù, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá Sámú wá kí wa lẹ́yìn ìsìn. Ó rí ìkòkò náà, ó jókòó sórí àga láìtíì kí ẹnikẹ́ni, ó tọrọ omi, mo gbé e fún un, kò sì mu ún.

“Ìyàwó wa,” bó ṣe máa ń pe Ìyá Àgbà nìyẹn, “òdòdó yìí kò dára níwájú ilé o. Kòkòrò máa ń gbé inú rẹ̀.”

“Kòkòrò wo? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbìn ín yí ilé Ọlọ́run ká?”

“Irú ti ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀.”

“Kí lorúkọ irú èyí, nígbà náà?”

Bàbá Sámú yí ife omi náà po lọ́wọ́ rẹ̀. “Mi ò mọ̀ ọ́n,” ló sọ. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Àgbà kàn mirí. Èmi ni ara mi kò gbà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo ilé sùn, mo padà sídìí àlàpà. Mo dúró, mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro ìṣirò. Kì í dá hù. Ọwọ́ ènìyàn ló gbìn ín. Ẹni tó ní i ni Bàbá Sámú, tí ó lóun ò mọ̀ ọ́n. Ó ń gbin ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí àwọn tí òbí wọn ṣì wà láyé. Mo wo ilẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ mo wò ó dáadáa: ó rì díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó gùn, igun rẹ̀ gún régé. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, mo ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka. Ó jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi mẹ́sàn-án ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Mi ò sunkún. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò fẹ́ jókòó lé e. Mo sọ fún un pé ilé ìwé mi dára, pé ipò kẹta ni mo ṣe, pé mo ti ń jẹ iyán. Adìyẹ dúdú náà ń rìn kiri láàárín ewé kókò. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní ẹyin ni mo ń wá. Mo gba òdo fún ewé kẹwàá nínú ìwé ewé yẹn, torí mo fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni mí.

Ohun tó wá ni mí lára ni pé mo mọ̀, Ìyá Àgbà kò sì mọ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ti ìkòkò yẹn láràárọ̀, èmi á máa wò ó láti ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ á kún ẹnu mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá Tọ́pẹ́ pè mí sílé ìdáná. Mo bá Bàbá Sámú níbẹ̀, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

“A gbọ́ pé o ń lọ sẹ́yìn ilé,” ló bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ṣé Màmí ni?”

Ìyá Tọ́pẹ́ fi etí ìró rẹ̀ nu imú.

“Òun ni,” ni Bàbá Sámú dáhùn. “Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀. Mo wá ewé tí ẹlòmíràn kò ní fún un, torí ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n, Àkànkẹ́, ìyá kì í mọ̀ ọ́n. Tó bá mọ̀ ọ́n, kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò ní jẹun, kò ní sùn. Mo ti rí ìyá tó mọ̀ ọ́n rí. Kò lo ọdún kan. Èyí tó gbìn síwájú ilé yẹn gbọ́dọ̀ kú kí ẹnì kan tó sọ ohun tó jẹ́ fún un.”

“Àwa ò lè fọwọ́ kàn án,” ni Ìyá Tọ́pẹ́ sọ. “Á bi wá ní ìdí. Ìwọ ọmọdé, o lè ṣèèṣì. Ọ̀la lọjọ́ ọjà, kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé. Omi gbígbóná ni kó o dà sí i nídìí. Tó bá rọ, a ó ní oòrùn ló pa á.” Ó wá fi ọwọ́ pa mí lórí, ohun tí kò ṣe rí. “Ìyá rẹ àgbà la fẹ́ kó pẹ́ fún ọ. Tóun náà bá lọ, ta ló kù fún ọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi wọ orí ẹní. Mo dùbúlẹ̀ ti ẹ̀yìn Ìyá Àgbà, mo ń ka èémí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí gbogbo wọn jáde, mo gbé kẹ́tùlù kaná, ó hó, mo fi àkísà dì í mú, mo sì gbé e lọ sábẹ́ fèrèsé. Ewé tuntun náà ti di márùn-ún, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀kan nínú wọn. Mo dúró. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá: kí n pa á kí Ìyá Àgbà lè pẹ́, tàbí kí n sọ òtítọ́ fún un, kó má jẹ́ pé òun nìkan ni kò mọ̀ nínú ilé tirẹ̀. Ooru inú kẹ́tùlù náà ń rú sí mi lójú. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi, ẹni tí mo rò pé ó ti bá wọn lọ sọ́jà. Ó mú igbá kékeré rẹ̀ lọ́wọ́, òfìfo. Ó wo kẹ́tùlù, ó wò mí, ó wo ìkòkò. Kò bínú. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, eékún rẹ̀ dún, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára ewé tó ń pọ́n.

“Ta ló rán ọ?”

Mi ò lè dárúkọ wọn. Ohun tí mo sọ ni, “Ìyá Àgbà, mo ti mọ orúkọ ewé yìí, mà. Mo fẹ́ sọ fún yín.”

Kí n tó mí, ó ti na ọwọ́ sókè, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Ọwọ́ náà le, kò sì gbé e kúrò títí ó fi sọ ohun tó fẹ́ sọ tán.

“Má sọ ọ́ fún mi, Àkànkẹ́. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún mi, wọ́n á gba òdòdó yìí lọ́wọ́ mi. Lọ fi omi gbígbóná yẹn po ẹ̀kọ rẹ, kó o sì bá mi bu tútù wá.”